Owó Agbẹ̀bí Ṣáájú Àgbò ‘Aqīqah: Ojúṣe Ọkọ sí Aboyún nínú Ẹ̀kọ́ Ilé-ìmọ̀ Mālik

Ìfáárà

Ayọ̀ ńlá ni ọmọ tuntun jẹ́ nínú ilé Mùsùlùmí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí oyún bá ti ń dàgbà ni ètò ìsọmọlórúkọ ti ń bẹ̀rẹ̀: wọn á wá àgbò, wọn á ra aṣọ, wọn á ránṣẹ́ sí àwọn aáfà àti ẹbí. Ètò náà kò burú. Ohun tí ó ń kọni lóminú ni pé nígbà mìíràn owó àgbò á ti wà nílẹ̀ nígbà tí owó ilé ìwòsàn kò tíì sí. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà lórí ìlera àti iye ènìyàn ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè, ìyá 512 ni oyún tàbí ìbímọ ń gba ẹ̀mí wọn. Ó tún fi hàn pé nínú ìbímọ 100, nǹkan bí 39 péré ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn.

Àpilẹ̀kọ yìí ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: nínú òfin Sharī‘ah, kí ni ó kọ́kọ́ jẹ́ gbèsè lọ́rùn bàbá kí ọmọ tó dé? Ilé-ìmọ̀ Mālik, èyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, ni yóò jẹ́ òpómúléró ìdáhùn náà.

Aboyún nínú Al-Kùránì Alápọ̀nlé

Nínú Sūrah Luqmān (31:14), Allāh rán ọmọ ènìyàn létí àìlera lórí àìlera tí ìyá rẹ̀ fi rù ú. Sūrah al-Aḥqāf (46:15) ka oyún àti jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú pọ̀ sí ọgbọ̀n oṣù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yọ ọdún méjì ìfọ́mọlọ́mú tí ó wà nínú Sūrah al-Baqarah (2:233) kúrò nínú rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni ó kù. Èyí ni wọ́n kà sí àkókò oyún tí ó kéré jù lọ lójú òfin, wọ́n sì gba ìtumọ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ ‘Alī ọmọ Abū Ṭālib (kí Allāh yọ́nú sí i).

Āyah tí ó sọ̀rọ̀ ìnáwó ní tààrà wà nínú Sūrah aṭ-Ṭalāq (65:6). Ó pa á láṣẹ pé bí obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ bá lóyún, kí ọkọ máa náwó lé e lórí títí yóò fi bímọ. Bí ẹ̀tọ́ yìí bá wà fún ẹni tí a ti kọ̀, ẹni tí ó ṣì wà lábẹ́ òrùlé ọkọ ní in jù bẹ́ẹ̀ lọ. Āyah tí ó tẹ̀lé e sì fi ìwọ̀n sí i: kí olówó ná bí ọlà rẹ̀ ti tó, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbòòrò ná nínú ohun tí Allāh fún un.

Owó agbẹ̀bí àti owó oògùn

Nínú Mukhtaṣar tí Khalīl ọmọ Isḥāq kọ, ìwé tí àwọn ọmọ ilé-kéwú ti ń kà láti Timbuktu dé Kánò àti Ìlọrin, a ka àwọn ohun tí ó jẹ́ dandan fún ọkọ láti pèsè: omi, òróró, igi ìdáná, iyọ̀, ẹran láti ìgbà dé ìgbà, ẹní ìjókòó, àti owó agbẹ̀bí. Níbẹ̀ kan náà ni ó ti yọ oògùn àti owó ìfàjẹ̀ kúrò nínú nafaqah. Gbólóhùn kejì yìí ni àwọn kan gbá mú tí wọ́n fi ń sọ pé owó ilé ìwòsàn aya kì í ṣe ẹrù ọkọ.

Èsì méjì ni ó wà fún wọn. Àkọ́kọ́, ìtọ́jú oyún àti ìgbẹ̀bí kì í ṣe oògùn lásán. Abẹ́ owó agbẹ̀bí ni wọ́n wà. Iṣẹ́ tí ìyá agbẹ̀bí àtijọ́ ń fi ọwọ́ lásán ṣe ni nọ́ọ̀sì àti dókítà ń fi irin iṣẹ́ ṣe lónìí, títí kan iṣẹ́ abẹ nígbà tí ọmọ kò bá lè gba ojú ara wá. Irin iṣẹ́ ni ó yí padà, ìdájọ́ kò yí padà.

Èkejì, ‘urf, èyíinì ni àṣà tí ó tọ́ láàárín àwùjọ, ni a fi ń wọn nafaqah. Wahbah al-Zuḥaylī (1932–2015), onímọ̀ ilẹ̀ Síríà, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, al-Fiqh al-Islāmī wa Adillatuhu, pé ìtọ́jú àìsàn kò sí lára kòṣeémánìí ní ayé àwọn onímọ̀ ìṣáájú, ṣùgbọ́n lónìí ó ti di ọgbọọgba pẹ̀lú oúnjẹ. Nítorí náà, ọrùn ọkọ ni ó wà. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ gba èrò yìí kò lè sá fún èsì àkọ́kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ Khalīl fúnra rẹ̀ ni.

Ìyọ̀ǹda tí kò gbọdọ̀ pẹ́

Owó nìkan kọ́ ni ìmúrasílẹ̀. Ní ọdún 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine ṣàlàyé ìdádúró mẹ́ta tí ń pa aboyún: ìdádúró nínú ìpinnu láti lọ gba ìtọ́jú, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró ní ilé ìwòsàn. Inú ilé ni àkọ́kọ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Aya á máa rọbí, àwọn ará ilé á sì máa dúró de ọkọ tí ó rin ìrìn àjò kí ó tó yọ̀ǹda.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ìnira tí ó le koko a máa sọ ohun tí a kà léèwọ̀ di ẹ̀tọ́. Ẹ̀mí méjì ni ó sì wà nínú ewu níhìn-ín. Ó yẹ kí ọkọ ti yọ̀ǹda pátápátá kí oṣù ìbímọ tó wọlé, kí owó wà lọ́wọ́ aya, kí wọ́n ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e lóru, ẹni tí yóò tẹ̀ lé e, àti ẹni tí yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀ bí ó bá di dandan. Bí obìnrin oníṣègùn bá wà, òun ni kí ó tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí, ọkùnrin lè ṣe é ní ìwọ̀n ohun tí ìtọ́jú béèrè. Láti ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí aboyún rí àwọn oníṣègùn ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ.

Bí oṣù Rámádánì bá bá a nínú oyún, Risālah ti Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī sọ pé kí aboyún tí ó bẹ̀rù fún ohun inú rẹ̀ túnu. Yóò san àwẹ̀ náà padà, kò sì sí bíbọ́ tálákà lọ́rùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù.

Ọjọ́ keje

Ní ilé-ìmọ̀ Mālik, ‘aqīqah jẹ́ súnà tí a fẹ́, kì í ṣe dandan. Ẹran kan tó fún ọmọkùnrin, ọ̀kan tó fún ọmọbìnrin. Hàdíìsì Ibn ‘Abbās tí Abū Dāwūd gbà wá, pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāh máa bá a) pa àgbò kọ̀ọ̀kan fún al-Ḥasan àti al-Ḥusayn, ti èyí lẹ́yìn. Àwọn ilé-ìmọ̀ tí ó ní kí ó jẹ́ méjì fún ọkùnrin gbára lé hàdíìsì Umm Kurz. Ẹni tí kò ní owó rẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, kò sì yẹ kí ó tọrùn bọ gbèsè nítorí rẹ̀.

Ní ti taḥnīk, dàbínù ni Ànábì jẹ tí ó sì fi sí ẹnu ‘Abdullāh ọmọ az-Zubayr nígbà tí Asmā’ bí i ní Qubā’. Oyin tí àwọn kan ń fi tọ́ ọmọ lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ ní ewu nínú. Àwọn oníṣègùn kìlọ̀ pé oyin lè fa àìsàn tí ń rọ iṣan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹnu àwọn àgbà ni kí oyin náà mọ.

Àgbálọgbábọ̀

Dandan ni nafaqah aboyún àti owó ìgbẹ̀bí rẹ̀. Súnà tí a fẹ́ ni àgbò ọjọ́ keje. A kì í fi dandan sílẹ̀ kí a máa lépa súnà. Bí owó kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ bàbá, ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó tọ́ kí àwọn aáfà máa sọ èyí fún ọkọ ìyàwó níbi nikāḥ, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí a tó sọ lè ti pẹ́ jù fún ìyá ọmọ. Allāh ni Ó mọ̀ jù.