Ẹ Ka Wáàtì Kí Ẹ Tó Ra Sólà

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Òsì àti Ìlọ́fà pé epo pẹtiróòlù ti wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye lítà kan ti gbéra láti ìsàlẹ̀ 200 náírà, ó sì kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń béèrè nípa sólà, tí àwọn mìíràn sì ń béèrè bóyá mọ́tò tí kì í mu epo lè wúlò fún wa níbí. Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì kò rí bákan náà, ìṣirò ni yóò sì fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú bírò.

Wáàtì ni a fi ń mọ bí ohun-èlò kan ṣe ń jẹ iná tó. Bí a bá fi iye wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́ sọ wáàtì rẹ̀ di púpọ̀, a ó mọ iye iná tí ó jẹ. Bí ó bá pé 1,000, yúníìtì kan nìyẹn, irú èyí tí à ń rà sí mítà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan. Gílóòbù 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, tí wọ́n tàn fún wákàtí 5, jẹ 300. Fáànù 2 oníwáàtì 60, fún wákàtí 8, jẹ 960. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80, fún wákàtí 4, jẹ 320. Fóònù mẹ́rin jẹ nǹkan bí 80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,660. Iná a sì máa ṣòfò nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú ínfátà, nítorí náà ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e. Ó di 2,075, yúníìtì méjì àti díẹ̀ lóòjọ́.

Bí a bá kó agbára oòrùn ọjọ́ kan jọ ní ilẹ̀ wa, kò ju oòrùn kíkún wákàtí 4 tàbí 5 lọ. Àsìkò Àyílà ni ó lágbára jù. Lẹ́yìn Àlásàrí, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ pín 2,075 sí ọ̀nà 4, ẹ ó rí i pé páànẹ́ẹ̀lì méjì oníwáàtì 300 tó fún ilé yìí. Kí wọ́n kọjú sí gúúsù, kí wọ́n sì dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ wọ́n. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku orí wọn.

Bátìrì ni ó máa ń gba owó jù, òun náà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kú. Kò yẹ kí a lò ju ìdajì agbára bátìrì olómi lọ. Ilé wa yìí yóò lo méjì, oní-12 fóòtì, 200 ámpù, tí ó jẹ́ 4,800. Ìdajì rẹ̀ ni 2,400. Ti lithium wọ́n jù ú lọ lọ́jọ́ tí a bá rà á, ṣùgbọ́n a lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀, ó sì ń pẹ́ jù. Ẹni tí ó bá wá ki áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 bọ ilé yìí fún wákàtí kan péré ti jẹ ju ohun tí fáànù méjèèjì jẹ ní gbogbo òru. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjà láàárín olówó sólà àti ẹni tó bá a so ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Oníjìbìtì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹni tó kà á ni.

Ní ti mọ́ṣáláṣí, èmi kò rí ohun tí sólà dára fún tó omi fífà. Ẹ̀rọ tí ń fa omi bóòhóòlù wà tí páànẹ́ẹ̀lì ń gbé ṣiṣẹ́ tààrà láìsí bátìrì rárá. Ní ọ̀sán ni yóò fa omi kún táńkì, àwọn ènìyàn yóò sì fi ṣe àlùwàlá Mọ̀gàríbì, Ìṣáì àti Àsúbà. Táńkì ni bátìrì rẹ̀, táńkì kì í sì í kú bọ̀rọ̀. Gbohùngbohùn ìpè ìrun kò ṣòro rárá: bí ó bá jẹ́ oníwáàtì 100, tí ìpè kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 6, márààrún kò ju 50 lọ lóòjọ́.

Mọ́tò ńkọ́? Ẹ wo Nissan Leaf, tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2010. Bátìrì ti ọdún 2018 gba yúníìtì 40, èyí tí ilé wa yẹn yóò fi ọjọ́ 19 lò. Ó lè gbé mọ́tò náà rin nǹkan bí 240 kìlómítà. Òsì sí Ìlọrin ju 80 lọ, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ yóò jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti dá a padà, páànẹ́ẹ̀lì 10 oníwáàtì 400 yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tí oòrùn ń ràn gan-an ni mọ́tò wà lójú títì. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń tu bátìrì Leaf yìí lára, ooru a sì máa tètè gbó o. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, kí ó wo ìlà kéékèèké 12 tí ń fi ìlera bátìrì hàn níwájú awakọ̀. Bí ó bá ti dín, bátìrì ti ń gbó nìyẹn.

Ọ̀kadà oníná ni ó súnmọ́ wa jù. Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn tó ń gun ti ilé-iṣẹ́ Spiro kì í dúró de iná: wọn yóò fi bátìrì tó ti tán sílẹ̀, wọn yóò gbé èyí tó kún. Bátìrì ọ̀kadà kéré gan-an sí ti mọ́tò, páànẹ́ẹ̀lì mẹ́rin oníwáàtì 300 sì lè kún yúníìtì mẹ́ta ní ọjọ́ kan tí oòrùn bá dára.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ìyá kan fẹ́ fi firíìjì oníwáàtì 150, tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lóòjọ́, kún ilé tí a kà lókè yìí. Páànẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 300 mélòó ni yóò fi kún un?