Má Jẹ́ Kí Ìsinmi Gba Ẹsẹ̀ Lọ́wọ́ Rẹ

Bódìjà, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní o rí kíláàsì eré ìmárale kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn tó ní MS (multiple sclerosis), àìsàn ọpọlọ àti iṣan tó ń ṣe ọ́ yìí, nìkan, ó sì wù ọ́ láti darapọ̀ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í ta pọ́nún pọ́nún níwájú fóònù. Àbúrò mi ni ìyá rẹ, mo mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà á. Ó ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ó ti gba odó, ó kù díẹ̀ kó gba síbí. Èmi tí mo fi ọjọ́ iṣẹ́ mi gbogbo kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa tún dìde, mo ní kí o wọ kíláàsì náà.

Kò ṣẹ̀yìn àwọn dókítà tí ìyá rẹ fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1890, dókítà ojú kan ní Jámánì, Wilhelm Uhthoff, kíyè sí i pé bí àwọn tó ní àìsàn yìí bá ṣe eré ìmárale, ojú wọn a máa ṣú fún ìgbà díẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ooru tí eré náà ń dá sára ló ń fà á. Iṣan ìmọ̀lára tí ọ̀rá ara rẹ̀ ti bó kì í lè gbé iṣẹ́ dáadáa láàárín ọpọlọ àti ara bí ara bá ti gbóná. Bí ara bá tutù, ojú á tún là. Àmọ́ kí wọ́n tó mọ èyí, “ẹ lọ sinmi” ti di òfin.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ ni Jimmie Heuga, ará Amẹ́ríkà tó ń fi pátákó sáré lórí yìnyín. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Òlíńpíìkì Innsbruck ní 1964. Ní 1970, wọ́n sọ fún un pé MS ló ń ṣe é, pé kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má lo agbára. Ó gbọ́ràn. Ara tó fi gba ẹ̀bùn níwájú gbogbo ayé wá ń joro lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ náà sì ń rẹ̀. Ìgbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ìmárale fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ní 1984 ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Colorado láti fi kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Can Do MS ni wọ́n ń pè é báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n sì ti ń kọ́ni. N kò ní tàn ọ́ o: àìsàn náà kò lọ, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni Heuga parí ayé rẹ̀ sí ní 2010. Ṣùgbọ́n ó lo ọ̀pọ̀ ọdún tó dáa láàárín.

Bí ìyá rẹ bá ní ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, sọ ti Yunifásítì Utah fún un. Ní 1996, Jack Petajan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 54 tó ní MS. Ọ̀sẹ̀ 15 ni àwọn kan nínú wọn fi ṣe eré ìmárale. Agbára wọn pọ̀ sí i, ìbànújẹ́ àti ìbínú wọn sì dínkù. O mọ̀ pé n kò bẹ̀rù ẹsẹ̀ rẹ tó bí mo ṣe bẹ̀rù ìbànújẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n Jabi ní Àbújá lo wà, oṣù kẹta sì ń bọ̀. Ooru ni ọ̀tá rẹ. Mo gbọ́ pé ọkọ rẹ ní kí ẹ kúkú máa rìn létí adágún Jabi nírọ̀lẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tó ti ń mu oòrùn láti àárọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ọ́. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ ní ìdajì ọ̀nà, ṣé ọlọ́kadà ni yóò gbé ọ dé orí bẹ́ẹ̀dì? Ìdí tí mo fi fẹ́ràn kíláàsì inú ilé nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa lọ wo omi.

Jí ní kùtùkùtù, kí yàrá tó gbóná. Tan fáànù, bí iná bá wà, tan ẹ̀rọ amúlétutù kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ju píọ́ wọ́tà sínú fírísà lálẹ́: ọ̀kan fún ọrùn rẹ, èyí tó ti ń yọ́ fún mímu. Àwọn olùwádìí ní Sydney fi hàn ní 2018 pé àwọn tó ní MS tí ooru máa ń yọ lẹ́nu, bí wọ́n bá ń mu omi tútù bí wọ́n ṣe ń ṣe eré, eré wọn máa ń pẹ́ sí i.

Àga oníke funfun yẹn, má dì í mú. Táìlì ni ilẹ̀ yín, á yọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ ni. Àga igi ìdí tábìlì oúnjẹ ni kí o tì mọ́ ògiri. Má wọ ìbọ̀sẹ̀ láìwọ bàtà. Gbé fóònù sílẹ̀ débi tí olùkọ́ yóò fi rí ẹsẹ̀ rẹ, torí kíláàsì tí ìwọ rí olùkọ́ tí òun kò rí ọ, fídíò lásán ni. Wo aago wọn pẹ̀lú: aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Colorado, aago kan tàbí méjì òru ni lọ́dọ̀ yín, àìsùn sì ń bí àárẹ̀ rẹ nínú. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí o wá. Aago wọn kò ju wákàtí kan sí tiwa.

Orí ìjókòó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kódà bí ìyá àgbà kan láti Manchester bá ń dúró fò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ní 2020 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí ẹni tó ní MS máa ṣe ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bí ara rẹ̀ bá ṣe gbà á, iṣẹ́ ilé sì wà lára ohun tí wọ́n kà. Nítorí náà, lọ gba ìgbálẹ̀ rẹ padà.

Bí ojú bá ṣú tàbí ẹsẹ̀ kú tipiri nígbà eré, jókòó, fi omi tútù pa ara. Á lọ. Èyí tó bá jẹ́ tuntun tó sì kọjá wákàtí 24, dókítà ni kí o pè. Bí ibà bá mú ọ, kò sí kíláàsì títí ibà yóò fi lọ.

Ẹni tó sọ pé gàrí ló fa àìsàn rẹ kò kúkú purọ́ tán; àìsàn mìíràn ló ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn níbí, ló wádìí èyí tó ń mú ẹsẹ̀ àti ojú àwọn ará Ẹ̀pẹ́, tó sì so ó mọ́ ẹ̀gẹ́. MS ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí o má rí ẹlòmíràn tó ní in ní gbogbo Jabi. Ní 2020 wọ́n fojú bù ú pé ènìyàn mílíọ̀nù 2.8 ló ní in lágbàáyé. Inú kíláàsì yẹn lo ti máa bá wọn pàdé, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ níbẹ̀ pé ta lo ṣẹ̀.

Kọ́kọ́ lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Jabi, kí ẹni tó ń ṣe fisiotẹ́rápì wo bí o ṣe ń dúró àti bí o ṣe ń yí. Kí o tó san dọ́là kankan, bi olùkọ́ kíláàsì pé kí ló máa ṣe bí iná bá lọ ní ilé rẹ tí ara rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí kò bá ní èsì, wá ẹlòmíràn. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ pọ̀. Kí ọkọ rẹ tún ínfátà ilé yín ṣe kó tó di oṣù kẹta.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ