Ọ̀pá Dráífà Tó Bá Ọwọ́ Yín Mu

Ìbéèrè: Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbá gọ́ọ̀fù. Bọ́ọ̀lù mi kì í gòkè, ó sì máa ń yà sọ́tùn-ún. S (ìyẹn, ọ̀pá líle) ni wọ́n kọ sára ọ̀pá dráífà mi. Ṣé kí n ra èyí tó le sí i?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má tíì náwó! Ọ̀pá tó le ju bí ẹ ṣe ń fì í lọ wà lára ohun tó ń fa irú èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn eré ọwọ́ yín. Bí ó bá wà láàárín máìlì 85 sí 95 ní wákàtí kan, R, tó rọ̀ ju S lọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Àmọ́ R ilé iṣẹ́ kan lè le bíi S ti òmíràn, nítorí náà ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù wò dáadáa kí ẹ tó sanwó.