Kẹ̀kẹ́ Háyà: Ìlú Kọ̀ọ̀kan Ló Ní Òfin Tirẹ̀

Bí irè bá ti wọlé, a máa ń rí ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi owó iṣu tàbí owó kaṣú ra ọ̀kadà, kí ó gbé e lọ sí ìlú ńlá lọ fi ṣiṣẹ́. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn.

Ní 1965, ní ìlú Amsterdam, àwọn ọ̀dọ́ kan fi ọ̀dà funfun kun kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e sí ìgboro láìtì í pa, kí ẹnikẹ́ni lè gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọlọ́pàá kó o lọ. Òfin ìlú náà ni pé a kò gbọdọ̀ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láìtì í pa.

Ní 1995, ìlú Copenhagen gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ á fi owó ẹyọ kan sínú ihò rẹ̀ kí ó tó ṣí. Bó bá dá a padà sí ibùdó, owó rẹ̀ á jáde.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ Gokada bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀kadà gbé èrò ní Èkó ní 2018. Fóònù ni èrò fi ń pè wọ́n. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2020, ìjọba Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Gokada kò jókòó sunkún. Wọ́n fi alùpùpù kan náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù fún àwọn oníṣòwò. SafeBoda, tó ti Kampala wá, kò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní tirẹ̀. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ńlá lè yí iṣẹ́ padà. Ẹni tó ní ọ̀kadà kan ṣoṣo ńkọ́? Bí ìjọba bá gbà á, owó oko ọdún kan ti lọ nìyẹn. Èkó ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, wọ́n sì fọ́ wọn túútúú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọ̀kadà:
1. Ẹ béèrè òfin ìlú tí ẹ ń lọ.
2. Ẹ fi ojú ara yín ka ìwé tí wọ́n bá fún yín.
3. Ẹ wo iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀kadà náà lè ṣe.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí ọlọ́pàá fi kó kẹ̀kẹ́ funfun?
2. Iṣẹ́ wo ni Gokada ṣe lẹ́yìn òfin 2020?
3. Bí ọmọ yín bá fẹ́ gbé ọ̀kadà lọ sí ìlú ńlá, kí lẹ ó sọ fún un?