Àbúrò Mi, Fi Asẹ́ sí Ẹnu Fóònù Rẹ

Àbúrò mi, sún mọ́ mi kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ní sáà tó kọjá. Iléèwé ọmọ mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ pé aago mọ́kànlá ni wọ́n máa jáde lọ́jọ́ náà, kí kálukú tètè wá mú ọmọ tiẹ̀. Ó wọlé sórí fóònù mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di aago mẹ́sàn-án, mẹ́tàlá mìíràn ti wọlé lé e lórí: ẹni tó fẹ́ yá mi lówó tí n kò tọrọ, ẹni tó ní mo ti jẹ ọkọ̀ nínú tẹ́tẹ́ tí n kò ta, ẹni tó ń polówó ilẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ẹni tó ní kí n tẹ nọ́ńbà kan kí n lè máa gbọ́ orin tuntun. Mo gbọ́ tí fóònù ń dún. Mo ní àwọn aláriwo náà tún ti dé, mo bá ń bá iṣẹ́ àdìrẹ mi lọ. Aago méjì ọ̀sán ni mo dé ẹnu géètì. Ọmọ ọdún méje ti jókòó lórí báàgì rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ètè rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ìyá tó ń ta bísíkíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ló fún un lómi mu.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fojú kékeré wo àtẹ̀jíṣẹ́ pàǹtí mọ́. Kì í ṣe ariwo rẹ̀ nìkan ló burú. Ó ń sin ohun tó yẹ kó o rí mọ́lẹ̀, olè sì ń gba inú ariwo náà wọlé. Spam ni àwọn òyìnbó ń pè é, àfi bíi pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tó ṣe mí. Ẹran inú agolo ni Spam, iléeṣẹ́ Hormel ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1937. Lọ́dún 1970, àwọn apanilẹ́rìn-ín kan tí wọ́n ń jẹ́ Monty Python ṣe eré lórí tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ilé oúnjẹ inú eré náà, ẹran yìí ló wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo oúnjẹ, àwọn kan sì ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin ṣáá títí àwọn tó kù ò fi gbọ́ ara wọn mọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi asẹ́ sí i. O rántí bí Màmá ṣe máa ń sẹ́ ògì? A ti rẹ àgbàdo, a ti lọ̀ ọ́, Màmá á na aṣọ funfun sẹ́nu ìkòkò, á máa da omi sí i, á máa fọwọ́ rò ó. Ògì á wọlẹ̀, èérí á kù sórí aṣọ. Ṣùgbọ́n Màmá kì í da èérí fún ewúrẹ́ lójú ẹsẹ̀. Á tún bu omi sí i lẹ́ẹ̀kejì, á fún un, torí ògì ṣì máa ń fara pamọ́ sínú èérí. Fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Asẹ́ àkọ́kọ́ ò la ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Láti ọdún 2016 ni àjọ NCC, àwọn tó ń mójú tó iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé kí gbogbo wọn fún oníbàárà láǹfààní láti kọ ìpolówó tí kò bá fẹ́. Kọ STOP, fi ránṣẹ́ sí 2442. Ìyẹn á dí gbogbo ìpolówó pátápátá. Tó o bá fẹ́ mọ ibi tí nọ́ńbà rẹ dúró sí, kọ STATUS sí 2442 kan náà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: tó o bá ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, àtẹ̀jíṣẹ́ alápapọ̀ tí iléèwé tàbí ẹgbẹ́ rẹ ń rán lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́, torí ojú kan náà ni wọ́n lè fi wo òun àti ìpolówó. Nítorí náà, kọ HELP sí 2442 kí o tó pinnu. Wọ́n á fi ọ̀wọ́ tó wà hàn ọ́, bíi báńkì, ilé àti ilẹ̀, ẹ̀kọ́, ìlera, eré ìdárayá, ẹ̀sìn, o lè mú èyí tó o fẹ́ kó máa wọlé. Ẹ̀kọ́ àti ìlera ni èmi fi sílẹ̀, mo sì lọ bá ọ̀gá iléèwé pé tí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú, kí wọ́n pè mí. Tí iléeṣẹ́ fóònù rẹ bá ṣì ń da ìpolówó bò ọ́ lẹ́yìn èyí, fẹjọ́ sùn wọ́n ná. Tí wọn ò bá dáhùn, pe NCC lórí 622, kò ní gba owó lórí fóònù rẹ.

Ibo ni wọ́n tilẹ̀ ti ń rí nọ́ńbà wa? Ọwọ́ ara wa ni. A kọ ọ́ sínú ìwé àlejò níbi ìgbéyàwó, a kọ ọ́ sórí bébà tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, a fi fún gbogbo áàpù tó bá béèrè. Mo ti ya síìmù kan sọ́tọ̀ fún irú ìyẹn. Kó o sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ wà nínú òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023: o lè sọ fún iléeṣẹ́ kan pé kí ó má lo dátà rẹ polówó fún ọ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àjèjì tó ń bá ọ ṣeré ìfẹ́ tàbí tó ń fún ọ níṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, má dá a lóhùn rárá, kódà láti bú u. Ìdáhùn rẹ ló máa fi mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà.

Asẹ́ kejì wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Nínú Messages ti Google, wá Spam protection nínú Settings, kí o tàn án. Lórí iPhone, èyí tó ní Unknown Senders lórúkọ ni kó o wá. Tí èyí tó burú bá ṣì já wọlé, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, yan Block, yan Report spam. Má kàn pa á rẹ́. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tọkàntọkàn. Ojíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Bayes, tó kú lọ́dún 1761. Ó fi ìṣirò kan sílẹ̀ nípa bí èèyàn ṣe lè fi ohun tó ti rí díwọ̀n ohun tí kò tíì rí. Lọ́dún 2002, Paul Graham, òǹkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ìṣirò yìí ya ímeèlì pàǹtí sọ́tọ̀. Asẹ́ náà á ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ń hàn nínú pàǹtí, á ka iye ìgbà tó ń hàn nínú lẹ́tà gidi, á wá ro àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé tuntun pọ̀ kó tó dájọ́. "O ti jẹ ẹ̀bùn" pọ̀ nínú pàǹtí. Oríkì ọmọ rẹ kì í sí níbẹ̀. Asẹ́ òde òní ti jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ni gbogbo wọn ń kọ́, àwa tá a ní fóònù lọ́wọ́ sì ni olùkọ́ wọn. Tó o bá pa pàǹtí rẹ́ láìfi han asẹ́, kò ní kọ́ nǹkan kan.

WhatsApp ló kù. Fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń lọ. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ẹnì kan pè é, ó kí i dáadáa, ó ń pè é ní Mọ́mì, ó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn fẹ́ fi nọ́ńbà Mọ́mì sínú ìpàdé àdúrà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé, kí Mọ́mì ṣáà bá òun kà á síta. Mọ́mì wọ gíláàsì, wọ́n kà á fún un. Kóòdù tí WhatsApp fi ń ṣí àkáǹtì sórí fóònù mìíràn ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè náà ti ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ lórúkọ Mọ́mì.

Ó kọ̀wé sí èmi náà, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé kí n jọ̀wọ́ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ránṣẹ́, òun máa dá a padà lówurọ̀. "Dear" ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń ṣí áàpù báńkì mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Mọ́mì kì í kọ Gẹ̀ẹ́sì sí mi. Ohùn ni wọ́n máa ń gbà ránṣẹ́, "Àdùkẹ́ mi" ni wọ́n sì ń fi bẹ̀rẹ̀. Mo pe nọ́ńbà wọn, ìpè gidi, mi ò gba orí WhatsApp. Wọ́n gbé e: "Àdùkẹ́ mi, kí ló dé tí gbogbo yín ń pè mí nírọ̀lẹ́ yìí?" Ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ ti fi owó ránṣẹ́ ká tó kéde. Àwọn méjèèjì ò tíì rí owó náà gbà padà.

A tún fi nọ́ńbà Mọ́mì ṣí WhatsApp lórí fóònù wọn, kóòdù tuntun wọlé, WhatsApp sì lé olè náà jáde. Lẹ́yìn náà la ṣe ohun tó yẹ ká ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ Settings, wọ Account, tẹ Two-step verification, kí o yan PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tìrẹ. Má lo ọdún tí wọ́n bí ọ. Bí olè bá tiẹ̀ gba kóòdù lẹ́nu rẹ, PIN yìí á dí i lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ Privacy, kó o sún Groups sí My contacts, kí àjèjì má lè jù ọ́ sínú ẹgbẹ́ tó ń ta owó dọ́là. Níbẹ̀ náà, lábẹ́ Calls, tan Silence unknown callers. Tí àjèjì bá sì kọ̀wé burúkú sí ọ, Report ni kó o tẹ̀: WhatsApp á gba márùn-ún tó gbẹ̀yìn nínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ láti yẹ̀ wò.

Mo ní mo ń padà bọ̀ sí èérí. Àbúrò mi, asẹ́ máa ń ṣì í. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan ní Peckham ní London kọ ímeèlì sí mi pé òun fẹ́ àdìrẹ ogún yáàdì fún ọjọ́ ìbí ìyá òun. Ó dárúkọ owó, ó fi àwòrán sí i, ó sì ní kí n "tètè dáhùn". Gmail wo gbogbo rẹ̀, ó jù ú sí Spam. Ọjọ́ kejìlélógún ni mo rí i, nígbà tí mo ń wá nǹkan mìíràn. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Gmail ń fi ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kó tó pa á rẹ́. Mo tẹ Not spam, mo pe obìnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ṣì rà á. Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń tú èérí mi wò, kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Tó o bá ti ṣe tìrẹ tán, mo bẹ̀ ọ́, gba fóònù Màmá lọ́wọ́ wọn nígbà tó o bá délé. Jókòó tì wọ́n, má jágbe mọ́ wọn, fi PIN sí WhatsApp wọn lójú wọn, kó o sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kóòdù tó bá wọlé, wọn ò ní kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà jẹ́ báńkì, ìbáà jẹ́ èmi.