Bátìrì Kékeré Tó Ń Bá Kọ̀ǹpútà Ka Ọjọ́

Àbúrò mi, bí o bá tan kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ láàárọ̀, tó ní ọdún àtijọ́ la wà, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì kọ̀ láti ṣí ojúlé báńkì rẹ, má tíì náwó. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé. 1 Jánúárì 2009 ni ọjọ́ tó wà lára rìsíìtì tí mo tẹ̀ fún ìyá oníbàárà mi kan! Oníṣẹ́ tí mo pè ní kí n ra mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun. Irọ́ ni. Bátìrì pẹlẹbẹ kan, bí owó kọ́bọ̀, ló kú.

Bátìrì yìí ló ń mú kí aago inú kọ̀ǹpútà máa rìn bí iná kò bá sí. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, òun nìkan ló kù lẹ́nu iṣẹ́. CR2032 ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Yẹ ara ti àtijọ́ wò kó o tó ra òmíràn, torí CR2025 fẹ̀ tó o, àmọ́ ó fẹ́lẹ́ jù ú lọ.

Pa kọ̀ǹpútà, yọ wáyà iná rẹ̀, kó o tẹ bọ́tìnnì tí o fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tán. Ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ ná, kó o sì fi fóònù ya fọ́tò inú rẹ̀. Irin tín-ín-rín kan ló di bátìrì náà mú létí. Fi èékánná rọra tì í sẹ́yìn, wàá rí i tí bátìrì á ta sókè fúnra rẹ̀. Má fi ọ̀bẹ yọ ọ́ o! Ojú tó ní àmì + ni kó wà lókè bí o bá ń fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, tún ọjọ́ àti aago tò.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọ. Má ju bátìrì tó kú sórí tábìlì. Bí ọmọ bá gbé e mì, tó há sí i lọ́fun, ó lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí 2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára fún kọ̀ǹpútà mọ́. Fi sẹ́lótéèpù wé e tinú-tẹ̀yìn, kó o gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọ ò ní í tó. Bí o bá sì fura pé ọmọ ti gbé ọ̀kan mì, jọ̀wọ́, má fún un ní epo pupa, má ní kó bì. Gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá tíì sunkún.