Kí Owó Ṣẹ́kù, Kí Òkèlè Má Ṣẹ́kù

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe lórí èlé owó yíyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lórí ìdìbò ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ àti abọ́ òkèlè ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nìkan nìyí o. Owó tí a fi ń ra gàrí àti owó ìdákowó tí a ń mú wá sí ìpàdé, inú àpò kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ wa. Alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń pè wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a jẹ nínú ohun tí a rí, ó sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kí ló yẹ kó ṣẹ́kù? Owó ni. Nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, owó kì í ṣẹ́kù, òkèlè ló ń ṣẹ́kù. Ẹ̀bà àná wà nínú ọ̀rá, àmàlà àná wà nínú abọ́, ìwé ìfowópamọ́ sì gbẹ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Alájẹṣẹ́kù irú èyí kọ́ la dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún.

Ohun tí ojú mi rí

Èmi tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ènìyàn mẹ́fà ni wá nínú ilé: baálé mi, èmi, ìyá ọkọ mi, àti ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀bà la máa ń jẹ lálẹ́ ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Oṣù kan wá wà tí mi ò rí owó ìdákowó mú wá sí ìpàdé. Ojú tì mí. Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá ọkọ mi níbi tó ti ń da ẹ̀bà àná fún ewúrẹ́ aládùúgbò. Ó ní, "Ìyàwó mi, ewúrẹ́ yìí mà ti ń sanra ju àwọn ọmọ wa lọ." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó tẹ ẹ̀bà, mo da gàrí bí mo ṣe máa ń fi ojú dà á. Lẹ́yìn náà ni mo fi agolo mílíìkì kékeré wọ̀n ọ́ padà. Agolo mẹ́wàá ni. Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo sì ń wò ó títí wọ́n fi yó. Baálé mi jẹ agolo méjì. Ọmọkùnrin wa àgbà, tó ń dàgbà lọ́wọ́, òun náà jẹ méjì. Èmi jẹ ọ̀kan ààbọ̀. Ìyá ọkọ mi jẹ ọ̀kan, ọmọ wa kejì jẹ ọ̀kan, àbíkẹ́yìn sì jẹ ààbọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: agolo mẹ́jọ péré ni. Ebi kò sì pa ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn ni pé agolo méjì ló ń ṣòfò lálẹ́ kan. Ní alẹ́ márùn-ún, ó di agolo mẹ́wàá. Kóńgò tí mo fi ra gàrí, agolo mẹ́wàá ló ń gbà. Nítorí náà, kóńgò gàrí kan ni mò ń fún ewúrẹ́ jẹ lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, ó di kóńgò 52. Ẹ fi iye tí kóńgò gàrí jẹ́ lọ́jà yín lónìí sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wo iye tó máa jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A ò tí ì ka ọbẹ̀ o, a ò ka kẹrosíìnì tàbí gáàsì tí a fi se omi.

Ẹ má rò pé ilé wa nìkan ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò oúnjẹ tó ṣòfò ní ilé, ní ilé oúnjẹ àti ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé ní ọdún 2022. Ó lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Tí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, inú ilé bíi tèmi àti tiyín ni ọ̀nà mẹ́fà ti wá.

Kí ló ń fà á?

Èkíní, omi ni ọ̀gá. A máa ń gbé omi kaná láì wọ̀n ọ́. Tí omi bá ti pọ̀, gàrí ní láti pọ̀, nítorí ẹ̀bà tó rọ̀ jù, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. A ó wá máa da gàrí sí i títí yóò fi le. Bákan náà ni pẹ̀lú ẹni tó ń ro àmàlà: ó rọ̀, ó fi èlùbọ́ sí i, ó le, ó bu omi sí i. Kó tó mọ̀, ti ènìyàn mẹ́fà ti di ti mẹ́wàá. Àwọn ará wa ní Kétu, Pobẹ̀ àti Sakété ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń ro ọkà àgbàdo, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní pâte, mọ ìṣòro yìí dáadáa pẹ̀lú.

Èkejì, gàrí kì í wú bákan náà. Gàrí tó dára máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta nínú omi tútù. Èyí tí wọn ò yan gbẹ dáadáa kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yí gàrí padà tí kò yí ìwọ̀n padà, òkèlè rẹ̀ yóò ṣẹ́kù tàbí kó má tó.

Ẹ̀kẹta, ìbẹ̀rù àlejò. "Bí ẹnì kan bá yà ńkọ́?" Àṣà rere ni, a ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó parun. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá tẹ ẹ̀bà àlejò sílẹ̀ ká tó ṣe é lálejò. Ẹ wọn gàrí àlejò sínú ife kan, kí ẹ dé e. Ẹ bu omi gbígbóná sínú fláàsì. Bí àlejò bá dé, kó tó jókòó tán, ẹ̀bà ti délẹ̀. Bí kò bá dé, ẹ da gàrí padà sínú ike rẹ̀. Gàrí gbígbẹ lè dúró de àlejò, ẹ̀bà ò lè dúró.

Ẹ̀kẹrin, a kì í béèrè. Ọmọ ti jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, baálé ti jẹun níbi òde, ìyàwó ń tẹ ẹ̀bà sí i bí ẹni pé gbogbo wọn gbààwẹ̀. Ẹ̀yin baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún wọn nílé bí ẹ ò bá ní jẹun lálẹ́.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́

Ẹ mú agolo kan tó mọ́, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò. Fún ọjọ́ méje, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ wọn gàrí tàbí èlùbọ́ kí ẹ tó fi kan omi. Kí ó jẹ́ ìwọ̀n ojú agolo, kó má ga bí òkè. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

2. Ẹ wọn omi náà. Ní ilé tèmi, agolo omi kan ààbọ̀ ló bá agolo gàrí kan mu. Tiyín lè yàtọ̀. Èyí tó bá yín lẹ́nu mu ni kí ẹ kọ.

3. Ẹ bu ti ẹnì kọ̀ọ̀kan níwọ̀n. Ẹni tí kò bá yó, kó béèrè sí i. Ó sàn kí ọmọ béèrè lẹ́ẹ̀mejì ju kó fi ọwọ́ dọ̀tí èyí tí kò ní jẹ.

4. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀: "Bàbá ò jẹun." "Ọbẹ̀ tán." "Ara ọmọ ò yá."

Nígbà tí ọjọ́ keje bá pé, ẹ ó mọ ìwọ̀n ilé yín. Ẹ fi ṣe òfin, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin irin. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ti oko tàbí ibi iṣẹ́ agbára dé, ẹ fi kún tiwọn. A ò sọ pé kí ẹ fi ebi pa ẹnikẹ́ni nítorí owó ìdákowó. Ẹni tó bá dín oúnjẹ ọmọ kù kó lè fowó pamọ́ ti ṣi ẹ̀kọ́ yìí gbọ́.

Bí ó bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Nígbà mìíràn, yóò ṣẹ́kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nínú ooru ilé ju wákàtí méjì lọ. Bí ẹ bá ní fíríìjì tí iná sì wà, ẹ bu èyí tí ọwọ́ kò kàn sọ́tọ̀, ẹ dì í, ẹ gbé e síbẹ̀ kíákíá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e kaná kó gbóná dé inú. Bí kò bá sí iná, ẹ má fi pamọ́ di òwúrọ̀. Ẹ ṣọ́ra gidigidi pẹ̀lú ìrẹsì. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì sísè bá sun níta, ó lè pọ̀ sí i kó sì tu májèlé, gbígbóná kò sì lè pa májèlé náà. Owó ilé ìwòsàn pọ̀ ju owó ìrẹsì abọ́ kan lọ.

Rírà jù náà, òfò ni. Gàrí, èlùbọ́ tàbí àgbàdo tó bá gba omi yóò bu. Oríṣi èébú kan ní májèlé tí sísè kì í pa. Ní ọdún 2004, àgbàdo tó bu pa ènìyàn 125 ní ilẹ̀ Kenya. Nítorí náà, ẹ ra ìwọ̀n oṣù kan tàbí méjì, kó wà nínú ike tó ní ìdérí, kó má jókòó sórí ilẹ̀. Èyí tó bá ti bu, ẹ má sá a sóòrùn kí ẹ tún tà á fún ẹlòmíràn. Ọlọ́run ń wo yín.

Ẹ̀yin oníṣòwò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ti ilé lọ. Ẹ máa kọ iye òkèlè tí ẹ tà lójoojúmọ́. Ọjọ́ ọjà yàtọ̀ sí ọjọ́ lásán, ọjọ́ òjò yàtọ̀ sí ọjọ́ oòrùn. Ẹ má ro gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀. Ẹ ro ìdajì, kí ẹ wo ojú ọjà, kí ẹ tó ro ìyókù. Àmàlà tó ṣẹ́kù ní àṣálẹ́, inú èrè yín ló ti ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí, ẹ mọ̀ pé àwọn kóńgò kan wà lọ́jà tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí. Ẹni tó bá ti mọ iye agolo tó yẹ kó wà nínú kóńgò, a ò lè fi irú rẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ mọ́. Ìwọ̀n tòótọ́ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wa. Ní ọdún 1844, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wọn, ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti òòtì díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó mú kí ènìyàn máa wọ́ tọ̀ wọ́n ni pé ọjà wọn kò ní àdàlù, ìwọ̀n wọn sì pé. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù ti tàn káàkiri ayé, òfin rẹ̀ sì dé Nàìjíríà ní 1935.

Níbo ni owó náà yóò lọ?

Bí agbo ilé 25 nínú ẹgbẹ́ bá mọ̀ pé kóńgò 20 ló tó àwọn lóṣù, kóńgò 500 nìyẹn. Ẹgbẹ́ lè rán ènìyàn lọ ra á ní àpò-àpò lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí, ká sì pín in ní iye tó dínkù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ìwọ̀n ilé rẹ̀, kò sí bí akọ̀wé ṣe lè mọ iye tí a ó rà.

Ní tèmi, mo ń yọ owó kóńgò kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà náà. Inú ìgò ni mò ń jù ú sí títí di ọjọ́ ìpàdé. Mi ò tí ì pàdánù owó ìdákowó mọ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò ṣì ń yọjú sẹ́nu ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n ó ti rù díẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Agolo mélòó ló wà nínú kóńgò tí ẹ fi ra gàrí kẹ́yìn?
2. Ta ló ń jẹ jù nínú ilé yín, ta ló sì ń jẹ kéré jù? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ń bù fún wọn?
3. Kí ló ṣẹ́kù nílé yín lánàá, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Kí olúkúlùkù mú ìwé ọjọ́ méje rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí oúnjẹ yín tó o, kí owó yín ṣẹ́kù. Àṣẹ.